Èmi Olè Ọwọ́ Òsì, àti Ẹni Tó Padà Wá Tú Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lórí àgbélébùú ní abúlé wa. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ aráyé ni mo fẹ́ kú fún o. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Abúlé wa kò jìnnà sí ìlú Moretan, ní ilẹ̀ tí àwọn Faransé ṣàkóso nígbà kan rí. Lásìkò yẹn, wọ́n ń sé odò Mono ní Nangbéto fún iná mànàmáná, àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ lọ wá iṣẹ́. Èmi ò lọ. Mo ní oko iṣu, mo ní ìyàwó tuntun tó ń jẹ́ Afí, ó sì ti lóyún oṣù méje. Mo tún ní ẹnu tí kì í dúró sójú kan. Bí ẹnìkan bá ṣi orin kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà ni mo sì máa sín in jẹ lọ́nà oko títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Ìjọ Àgùdà kékeré ni tiwa. Atakpamé ni fada wa ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló sì ń wá, bí ọ̀nà bá gbà á láyè. Bí kò bá sí ńlé, Mùsíè Bọnifásì ni olórí wa; Mùsíè ni wọ́n ń pe ọ̀gbẹ́ni ní èdè Faransé. Akọ̀wé ni Mùsíè ní Atakpamé. Òun ló ni mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo abúlé. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni yóò gùn ún dé, pẹ̀lú kuravátì, ìyẹn táì, tó so mọ́ ọrùn, eruku ọ̀nà á sì ti sọ kuravátì náà di aláwọ̀ epo.

Ìwàásù kan ṣoṣo ló ní. Olùṣọ́ àgùntàn tòótọ́ kì í sá bí ìkookò bá dé. Yóò kú kí àgùntàn rẹ̀ tó kú. Bó bá débẹ̀, á fi ọwọ́ lu àyà, á ní òun nìyí, òun lè kú fún wa nígbàkígbà. Àwa àgùntàn á ní Àmín. Ta ni kì í ṣe Àmín sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀. Èmi gan-an ni mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣe páràn ọmọ tó wà nínú Afí. Páràn ni à ń pe bàbá ìsàmì lọ́dọ̀ wa, ẹni tó máa gbé ọmọ dání níwájú fada, tó sì máa dúró fún un títí ayé. Mo ti ń rí ọmọ mi lọ́wọ́ akọ̀wé oníkuravátì. Mùsíè ní òun á rò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti lè sọ pé rárá fún un mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Ọdún yẹn, Mùsíè ní a ó ṣe eré ìjìyà Olúwa ní Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́. Orí òkè kékeré tó wà lẹ́yìn abúlé ni a ó ti ṣe é, lábẹ́ igi oṣè ńlá tó wà níbẹ̀, ó sì ti pe àlejò láti Moretan. Ta ni yóò ṣe Jésù? Ìbéèrè wo tún nìyẹn? Mùsíè ní kò bójú mu kí ẹni tí kì í ṣe olórí ṣe Olórí àwọn olórí. Àwa náà rí i pé kò bójú mu.

Ó wá ku Júdásì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é. Ni gbogbo wa bá yíjú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí Kósì adẹ́mu máa ń jókòó sí.

Kósì fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, fofó ni mo sì máa ń pè é, bí àwa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sàmì fún un. Ìyá rẹ̀ ṣì ń bọ òrìṣà ilé wọn, òun náà kò sì fi gígun ọ̀pẹ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, Mùsíè á bú ẹmu lórí pẹpẹ títí itọ́ á fi máa ta sí wa lára. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ńkọ́? Akèrègbè Kósì a máa gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé Mùsíè. Mo mọ̀, torí ẹ̀yìnkùlé tiwa kọjú sí tirẹ̀.

Kósì kò jiyàn. Ó kàn béèrè bóyá Júdásì máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, torí òun ò mọ̀wé. Wọ́n ní kò sọ púpọ̀. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Èmi wá di olè ọwọ́ òsì, èyí tó fi Jésù ṣe yẹ̀yẹ́. Mùsíè ní ẹnu mi bá a mu, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Andiré télọ̀ ni olè ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó ronú pìwà dà. Afí wà láàrin àwọn obìnrin tó ń sunkún.

Mùsíè fẹ́ kí eré náà jọ òótọ́. Ó ní Ìwé Mímọ́ sọ pé òkùnkùn ṣú lọ́sàn-án gangan, ilẹ̀ sì mì. Nítorí náà, a ó dáná koríko tútù sí ìdí igi oṣè, kí èéfín lè bo ojú oòrùn. Fún ilẹ̀ mímì, àwọn géńdé mẹ́rin á máa fi igi lu páànù.

Lọ́jọ́ tí a lọ dán an wò, Kósì na ìka sí ihò kan tó wà lókè lára igi náà. Ó ní, "Mùsíè, ẹ jọ̀ọ́, oyin wà nínú ihò yẹn." Ó ṣàlàyé pé èéfín díẹ̀ a máa mú oyin rọ̀, ṣùgbọ́n iná ńlá nísàlẹ̀ ilé wọn, pẹ̀lú ariwo páànù, ìjà ni wọ́n máa bá jáde. Ó ní bóyá kí a gbé eré náà lọ sí òdìkejì òkè.

Mùsíè wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ṣé Júdásì ló fẹ́ máa kọ́ Jésù níbi tí wọ́n máa kàn án mọ́gi?"

Ẹ ò rí bí a ṣe rẹ́rìn-ín. Ta ló rẹ́rìn-ín jù? Èmi ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì ń yọjú wo Mùsíè bóyá ó rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín. Kósì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́, káfíńtà ti gbé àgbélébùú mẹ́ta dúró. Ẹ wá wo ti Jésù. Ó ní pákó ìtẹ̀lẹ́sẹ̀ tó fẹ̀ tó àpótí ìjókòó, ó sì ní ìdìmú méjì tí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ wé, kí ọwọ́ akọ̀wé má baà bó. Wọn kò so ó rárá. Mùsíè ní ìfẹ́ ló so Jésù mọ́ igi, kì í ṣe okùn. Àwa ní Àmín.

Andiré, nítorí pé Párádísè ló ń lọ, ìborùn ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fi so ó wẹ́rẹ́. Èmi tí mò ń lọ sí ọ̀run àpáàdì ńkọ́? Okùn ni. Mùsíè pàṣẹ pé kí wọ́n so mí le, kí àwọn ará Moretan lè rí nǹkan ròyìn délé.

Ta ló mọ okùn-ún so ju adẹ́mu lọ? Kósì ni wọ́n ní kó so mí, lọ́wọ́ méjèèjì àti lẹ́sẹ̀. Ó fẹ́ lo adá rẹ̀ láti gé okùn náà sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n Mùsíè gba adá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní òun ò kà á níbìkankan pé Júdásì ń mú adá kiri. Bí Kósì ṣe ń ta kókó okùn yẹn, bẹ́ẹ̀ ló ń bi mí bóyá ó ń dùn mí. Mo ní kó tún fún un le sí i. Ẹnu mi náà nìyẹn.

Eré bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn, n kò ní parọ́. Kósì ta Olúwa rẹ̀, ó lọ pokùn so lẹ́yìn igbó, iṣẹ́ tirẹ̀ sì parí. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó nísàlẹ̀ òkè, lẹ́bàá ọ̀nà abúlé. Nínú gbogbo wa, òun ló sún mọ́ ilé jù. Mùsíè ní tirẹ̀ gun orí àgbélébùú pẹ̀lú aṣọ funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Faransé bá Baba rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí ó gbà pé ọ̀run náà kò ní ṣàìní akọ̀wé. Àwọn ìyá àgbàlagbà tí kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀ ń sunkún gidi. Èmi náà fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, àwọn ará Moretan sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, wọ́n kó koríko tútù sínú iná. Òkùnkùn ṣú lóòótọ́. Àwọn géńdé bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù. Mùsíè gbé ojú sókè, ó ké pe Baba rẹ̀ ní ohùn rara.

Ohùn kan sì dáhùn láti inú igi. Kì í ṣe ti Baba.

Oyin yẹn jáde bí ìgbà tí wọ́n bá tú àpò ọkà. Mùsíè ló ga jù, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ bá. Ó ti dé ibi tí Jésù ti ní ó parí. Lóòótọ́, ó parí. Ó ju ìdìmú sílẹ̀, ó bẹ́ sílẹ̀, ó ká aṣọ funfun sókè dé itan, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo ké sí i pé, "Mùsíè, ẹ tú mi!" Ó dúró. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó wo okùn náà, ó wò mí, ó ní, "Mò ń bọ̀." Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà ni ìró mobilẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ ogun Róòmù ti sá, Pílátù ti sá. Andiré fa ọwọ́ yọ nínú ìborùn, ó sì gba Párádísè lọ. Mò ń gbọ́ tí Afí ń ké orúkọ mi. Obìnrin méjì ló fi agídí wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀ nítorí oyún inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ohùn ènìyàn mọ́.

Ẹ̀rù bà mí. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oyin ń ta mí ní ìpéǹpéjú, ní etí, nínú imú, n kò sì ní ọwọ́ tí mo lè fi lé wọn. Bí mo bá la ẹnu láti gbàdúrà, wọ́n á wọ ẹnu. Ọmọ mi ni mò ń rò. Mo rò pé wọ́n á máa sọ fún un pé eré ni bàbá rẹ̀ ń ṣe tó fi kú.

Bí mo ṣe wà níbẹ̀ ni mo rí ẹnìkan tó ń sáré gòkè bọ̀ láàrin èéfín. Gbogbo ayé ń sá lọ sísàlẹ̀, òun nìkan ló kọjú sókè. Kósì ni.

Ó bọ́ aṣọ ìbora tó fi ṣe Júdásì, ó fi wé mi láti orí dé ìbàdí. Aṣọ náà ń rùn fún ẹmu. Òun wá dúró níhòòhò láti ìbàdí sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Kò ní adá. Ìka àti eyín ló fi tú gbogbo kókó yẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú aṣọ tí mo wà, mò ń gbọ́ bí oyin ṣe ń bọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹ̀wà tí wọ́n ń dà sínú abọ́.

Ó wù mí kí n sọ fún yín pé mo ní kó fi mí sílẹ̀ kó sá àsálà. Irọ́ ni yóò jẹ́. Ohun tí mo sọ ni pé, "Fofó, ẹ ṣe kíá."

Ó gbé mi pọ̀n sọ̀kalẹ̀, ó tì mí sínú ahéré kan, ó fa ilẹ̀kùn dé. Lẹ́yìn náà ló ṣubú. Ọkọ̀ tó gbé àwọn ará Moretan wá ni wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n oyin ti ta á sínú ẹyinjú òsì, ojú yẹn kò sì ríran mọ́.

Mùsíè padà dé ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, pẹ̀lú ìgò oògùn kan. Ó ní ìrànlọ́wọ́ lòun sáré lọ wá. Ẹ sì wò ó o, ó wá a dé lóòótọ́, nígbà tí ara mi tó wú ti ń wálẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú Àjíǹde, ó wàásù. Ìwàásù ti yí díẹ̀. Ó ní bí olùṣọ́ àgùntàn bá kú, ta ni yóò kó àgùntàn jọ? Ó ní ọgbọ́n ni kí olórí gba ara rẹ̀ là nítorí ìjọ. Ó tún ní oyin yẹn kì í ṣe ojú lásán. Òrìṣà ìyá Kósì ló rán an sí wa, torí a jẹ́ kí ọmọ abọ̀rìṣà fọwọ́ kan nǹkan mímọ́. Bí fada bá dé lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, òun á ní kí wọ́n yọ Kósì kúrò nínú ìjọ.

Ìjọ ní Àmín. Ta ló jókòó ní ìlà kejì, tí ojú rẹ̀ wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú omi, tí òun náà ní Àmín?

Èmi ni. Láàárọ̀ yẹn, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Mùsíè ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun ti rò ó tán, òun á ṣe páràn ọmọ mi.

Mo délé, mo ròyìn fún Afí tayọ̀tayọ̀. Ó ń ro ọkà lọ́wọ́. Ó gbé igi ọkà sílẹ̀. "Ọwọ́ tó jù ọ́ sílẹ̀ lórí igi, òun lo fẹ́ kó gbé ọmọ mi dání?" Kò sọ òmíràn títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi.

Fada dé lọ́jọ́ Àìkú. Àgbàlagbà kan ni, ọmọ ẹ̀yà Ewe, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Kósì náà ti dé láti ilé ìwòsàn, ó jókòó sẹ́yìn níbi tó máa ń jókòó sí, pẹ̀lú òwú funfun lójú àti ìka tó wú. Ìhìn Rere ọjọ́ náà ni ti Tọ́másì, ẹni tó ní àfi bí òun bá rí àpá lọ́wọ́ Olúwa lòun tó lè gbàgbọ́.

Lẹ́yìn tí fada kà á tán, Mùsíè dìde, ó so kuravátì le, ó sì ròyìn: oyin, òrìṣà, bí òun ṣe fi ẹ̀mí ara òun wéwu lójú ọ̀nà láti wá oògùn, àti ìdí tó fi yẹ kí Kósì jáde. Fada béèrè bóyá ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ láti fi kún un.

Ẹnu mi tí kì í dúró, ọjọ́ yẹn ló dúró. Mo wo ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin. Afí ń wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn.

Mo dìde. Ọwọ́ mi méjèèjì ni mo kọ́kọ́ nà sókè. Àpá okùn yí ọrùn ọwọ́ mi po, ó ṣì pupa. Mo ní, "Fada, ẹni tí wọ́n so mọ́ igi lọ́jọ́ náà nìyí. Ẹ dákun, ẹ ní kí Jésù wa náà fi ọwọ́ tirẹ̀ hàn wá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mùsíè ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò.

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: iná, páànù, ìkìlọ̀ tí Kósì ṣe, bí mo ṣe fi rẹ́rìn-ín, adá tí wọ́n gbà, "mò ń bọ̀" àti mobilẹ́ẹ̀tì. Mo sọ ọ̀rọ̀ páràn pẹ̀lú. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Fada pe Kósì síwájú. Ó bi í pé kí ló mú un padà gòkè nígbà tí ipa tirẹ̀ ti parí nínú eré, tó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé.

Kósì wo ilẹ̀. Ó jọ pé ìbéèrè náà kò yé e dáadáa. "Fada, èmi ni mo so ó. Ta ni ì bá tú u?"

Fada ní òun ti kọ ìwàásù wá láti Atakpamé, ṣùgbọ́n òun kò ní kà á mọ́. Ó ká ìwé rẹ̀, ó sì jókòó.

Mùsíè kò dúró kí ẹnikẹ́ni lé òun. Ó ní eruku ọ̀nà Moretan ti ń ba àyà òun jẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jọ́sìn ní Atakpamé, níbi tí kò ti sí igi oṣè. Kósì ni ìjọ fi ṣe olórí, lẹ́yìn tó ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Andiré ló ń bá a ka ìwé. Kósì kò mọ ìwàásù ṣe, àmọ́ bó bá rán ẹnìkan níṣẹ́, òun náà á tẹ̀ lé e lọ. Ojú kan kò ṣeé fi gun ọ̀pẹ, nítorí náà èmi àti òun jọ ń dáko iṣu ni títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a. Òun ló gbé ọmọbìnrin wa dání lọ́jọ́ ìsàmì rẹ̀. Ọmọ náà sùn lọ́wọ́ rẹ̀ títí omi fi kàn án.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò gùn. Bí olórí kan bá ń sọ fún yín pé òun lè kú fún yín, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kàn wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá okùn ti kàn án rí. Kí ẹ sì wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa, torí ẹni tó máa tú yín lè má tíì sọ̀rọ̀ rí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló padà wá tú yín lọ́jọ́ tí àwọn olórí ń wá mobilẹ́ẹ̀tì wọn? Ẹ sọ ọ́ fún wa, kí ẹ sì dárúkọ onítọ̀hún kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo lò kí n tó dárúkọ ẹni tó gbà mí, tí mo sì ń ṣe Àmín fún ẹni tó sá.